Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Yà Ní Ilé Ìbátan

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni a gbé tọ̀ yín wá ní òní. A mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní Èkó nísinsìnyí, Màrúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwa ń wí, èyí tí àwọn bàbá wa gùn lọ sí oko àti sí ilé ẹ̀kọ́, tí kò ní ẹ́ńjìnnì kankan bí kò ṣe ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún.

Ní Àjáh tí àwa ń gbé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ojúlé tí ó tẹ̀lé tiwa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Júláì, iná mànàmáná kò sí, ooru sì mú, a bá a ní ìta tí ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. A bi í pé kí ni ó ń wò. Ó ní, "Eré ni, sà. Ẹ wá wò ó." A wò ó, a kò rí ẹṣin, a kò rí bọ́ọ̀lù. Àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ni a rí, pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké tí a fọ́n ká orí rẹ̀ bí ẹni fọ́n àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ, nọ́ńbà sì wà lára olúkúlùkù. Ó ní àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ènìyàn kan lórí kẹ̀kẹ́, àti pé ẹ̀rọ kan tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ náà ni ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ láti fi ibi tí ó dé hàn. A rẹ́rìn-ín, a bá tiwa lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, àwa ni a ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdájí láti bèèrè ibi tí nọ́ńbà báyìí báyìí sùn.

Transcontinental ni wọ́n ń pe eré náà. Mike Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà tí nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn gbéra láti London lọ sí Istanbul. Kristof Allegaert, ará Belgium, ni ó kọ́kọ́ dé, kò sì lo ọjọ́ mẹ́jọ pé. Òfin eré náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Bí wọ́n bá ti gbéra, agogo kò tún ní dúró mọ́: bí ènìyàn ń sùn, agogo ń kà, bí ó ń jẹun, agogo ń kà. Kò sí ọkọ̀ tí yóò máa tẹ̀lé e pẹ̀lú táyà àti oúnjẹ, bí a ti ń rí i nínú eré ńlá ti ilẹ̀ Faransé. Ibùdó mélòó kan wà tí ó gbọ́dọ̀ dé kí a lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀, òun tìkára rẹ̀ ni yóò wá a. Ohun tí a ń tà ní gbangba fún tọmọdé tàgbà, ó lè rà á. Ilé ìtura tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó lè sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, kò gbọdọ̀ sùn ní ilé ọ̀rẹ́ tí ó ti ń retí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ gbé pàdé rẹ̀ ní ọ̀nà. A ó padà sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí láìpẹ́.

Ní ọdún 2019, Burgas ní etí Òkun Dúdú, ní ilẹ̀ Bulgaria, ni wọ́n ti gbéra, Brest tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sì ń lọ, ìrìn bí kìlómítà 4,000. Àwọn tí ó gbéra lé ní 200. Ẹni tí ó ṣe èkínní ni Fiona Kolbinger, ọmọbìnrin Jámánì ẹni ọdún 24, oníṣègùn tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ. Kò tíì sá irú eré bẹ́ẹ̀ rí, obìnrin kan kò sì tíì gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ 10, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 48 ni ó lò. Ọkùnrin tí ó ṣe ìkejì ṣì wà lẹ́yìn ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 250 ní òòjọ́: bí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó yí padà wá sí Èkó, tí ó tún kọjú sí Ìbàdàn kí ọjọ́ kan náà tó pé, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, àwọn òkè Alps sì wà láàárín ọ̀nà. Ní ibùdó kan ní àárín àwọn òkè náà, ó jókòó sí ìdí dùùrù, ó tẹ orin díẹ̀, ó sì tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó dé òpin, ohun tí ó sọ ni pé oorun tí òun sùn ti pọ̀ jù. Àwa tí a ń sùn láti alẹ́ di àárọ̀ tí ẹ̀yìn ṣì ń ro wá, kí ni a ó sọ sí èyí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àṣà òyìnbó nìkan ni. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí, àwọn ará Morocco àti Rwanda ti ń gba irú eré yìí ní àlejò láti ọdún 2020. Ní oṣù Júùnù ọdún 1952 pàápàá, Olábísí Àjàlá, ọmọ Yorùbá tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Chicago, gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí Los Angeles. Máìlì 2,280 ni, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó fi dé ibẹ̀, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì wọ̀ lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ó ń dúró ní ọ̀nà láti bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Òun kan náà ni ó fi alùpùpù Vespa la ayé já lẹ́yìn náà, tí Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin, tí a fi ń pe gbogbo alárìnkiri ní Àjàlá títí di òní. Ó kú ní Èkó ní ọdún 1999. Ìtàn Vespa ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ti kẹ̀kẹ́ ni àwa fẹ́ràn jù.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi ẹ̀gbẹ́ kan pamọ́ fún yín. Ní ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì ọdún 2017, Mike Hall wà nínú eré mìíràn bẹ́ẹ̀, láti Fremantle lọ sí Sydney, èyí tí ó la ilẹ̀ Australia já, bí kìlómítà 5,500. Òun ni ó wà ní ipò kejì, Allegaert ni ó wà níwájú rẹ̀. Ní ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbá a ní ẹ̀gbẹ́ Canberra, ó sì kú. Àwọn tí ń wo àmì rẹ̀ láti ìlú òkèèrè rí i pé àmì náà dúró. Wọ́n fi òpin sí eré náà lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún kan náà, ní òru àkọ́kọ́ eré Transcontinental, ọkọ̀ tún pa Frank Simons, ọmọ ilẹ̀ Holland, ní Belgium.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin wa yìí kan ilẹ̀kùn wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a kò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rín.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Accra."

A ní, "Òun àti ta ni?"

Ó ní, "Òun nìkan ni."

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ yóò mọ ohun tí ń dẹ́rù ba obìnrin náà. Ọ̀sà wà ní apá kan, òkun wà ní apá kejì, ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wa sì ń rọ́ gbà. Láti oṣù Júùnù ọdún 2022 tí ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà, kẹ̀kẹ́ ológeere wà lára àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó ṣẹ́kù, kò sì sí ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún un láti ìsàlẹ̀ afárá Àjáh tí a ṣí ní ọdún 2017 títí dé Ṣàngótẹ́dó. Tírélà tí ń lọ sí Ìbẹ̀jú kò rí i. Dáńfó rí i, ó sì tún já sí iwájú rẹ̀ nítorí èrò kan. Ọmọ náà ti ń gùn ún ní ìdájí lójoojúmọ́ fún ọdún méjì. Ìyá rẹ̀ kì í sùn padà títí yóò fi gbọ́ ìró géètì.

A pè é, a bi í léèrè. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣe àlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: yóò gba Sèmè lọ sí Cotonou, yóò gba Lomé, yóò sì dé Accra ní ọjọ́ kẹta, ìrìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 300. Òfin Transcontinental ni òun yóò tẹ̀ lé. Ìyá rẹ̀ ní kò burú, ṣebí ẹ̀gbọ́n òun ń gbé ní Cotonou, kí ó sùn níbẹ̀. Ọmọ náà ní òun kò lè yà níbẹ̀.

"Òfin ta ni ó ní kí o má yà ní ilé ẹ̀gbọ́n mi? Ta ni ó ń ṣọ́ ọ?"

"Kò sí ẹni tí ń ṣọ́ mi, Màmá."

Kí a má purọ́, ọ̀rọ̀ náà korò létí tiwa pẹ̀lú. Kí ọmọ Yorùbá gba iwájú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kọjá kí ó má wọlé kí wọn! Ìjà ọdún mẹ́wàá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. A bi í pé irú òfin wo ni èyí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹni tí ó ní ìbátan ní gbogbo ìlú yóò máa rí omi, yóò máa rí ibùsùn. Ẹni tí kò ní ẹnìkan ńkọ́? Bí gbogbo wa bá fi tiwa sílẹ̀, ọ̀nà kan náà ni a jọ ń gùn." A kò rí èsì fún un. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó de iná mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn, kí ó dé akoto, àti kí fóònù rẹ̀ máa fi ibi tí ó bá wà hàn èmi àti ìyá rẹ̀. Wíwò kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Òfin gbà á.

Ó gbéra ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Kí á tó jẹun ọ̀sán, àmì rẹ̀ ti kọjá Sèmè. Ní agogo méjì kọjá, ó la Cotonou já. Ó kọjá Ouidah, ó kọjú sí Grand-Popo. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́fà lù, àmì náà dúró.

Ní agogo méje ìyá rẹ̀ wá jókòó tì wá, fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́. A pe ọmọ náà títí, ìpè kò wọlé. Ẹ̀gbọ́n tí ń bẹ ní Cotonou ní òun yóò wá ọkọ̀ lọ wò ó. Àwa ń rántí àmì ti Australia, a kò sì sọ ọ́ jáde. Agogo mẹ́jọ lù. Agogo mẹ́sàn-án lù. Nígbà tí ó kọjá mẹ́sàn-án pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú, àmì náà sún síwájú bí ẹsẹ̀ èèrà, ó tún sún. Obìnrin náà figbe ta.

Táyà ni ó ya, ohun tí ó fi ń lẹ̀ ẹ́ sì ti tán. Ẹni tí ń lẹ táyà ní abúlé tí ó wà nítòsí ti jáde lọ. Ó jókòó dè é títí ó fi dé, ó sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ti ń san án. Awakọ̀ kan tí ń lọ sí Lomé ti ní kí ó gbé kẹ̀kẹ́ sókè láìgba kọ́bọ̀. Ó dúpẹ́, ó kọ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí ó gbọ́ èyí, lẹ́yìn náà ni ó bú ọmọ náà dáadáa.

Ó dé Accra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Nígbà tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà lórí fóònù, ó sọ fún wa pé ní ọjọ́ Ìsinmi náà, òun àti àwọn ọmọ òun ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì láti agogo méjìlá pẹ̀lú ìgò omi tútù kan. Ọmọ náà rí wọn, ó tẹ orí ba, ó juwọ́, kò dúró. Òun àgbàlagbà ni ó mu omi náà.

Ní àbọ̀, bọ́ọ̀sì ni ó wọ̀, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ nínú ẹrù, agogo kò sì kà mọ́. Ó sọ̀ ní Cotonou, ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un.