Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Kí Ló Wà Fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Aránṣọ Ní Lomé?

Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ ní Lomé kò ní alátìlẹ́yìn kankan ju ọ̀gá rẹ̀ lọ? Rárá o!

1. Ìwé ẹ̀rí
Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ṣẹ́ ní Tógò. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ fírídọ̀ọ̀mù nìkan kò tó. Ẹ ṣe ìdánwò ìjọba fún ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní CFA.

2. Àfihàn aṣọ
FIMO 228, àjọ̀dún àfihàn aṣọ tí Jacques Logoh dá sílẹ̀, máa ń kó àwọn aránṣọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá sí Lomé. Ẹ lọ wò ó. Bí àyè bá wà láti bá wọn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìtàgé, ẹ tọrọ rẹ̀.

3. Owó
Láti 2014 ni FNFI, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó yíyá fún àwọn mẹ̀kúnnù, ti ń gba ọwọ́ àwọn ilé ìyáwó kéékèèké ran ẹni tí báńkì kì í yá lówó lọ́wọ́.

4. Assigamé
Èmi gbà pé ọjà ńlá Lomé yìí ni ilé ẹ̀kọ́ tó ga jù. Ibẹ̀ làwọn ìyá oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti ta ankara Holland títí wọ́n fi ń gun Mercedes. Nígbà náà, àwọn ló ń sọ aṣọ lórúkọ, wọ́n sì mọ àwọ̀ tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Iná jó ilé ọjà náà ní January 2013, síbẹ̀ ìmọ̀ wọn kò jóná. Ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá aláṣọ, kí ẹ bi wọ́n léèrè.

Ta lẹ mọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ? Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lónìí.