Ẹni Tí Yóò Pààrọ̀ Tàdáwà fún Fọ́tò Dúdú-Òun-Funfun

Bí a bá gbé fọ́tò aláwọ̀ mèremère àti fọ́tò dúdú-òun-funfun síwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé òde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé èyí tí kò ní ju dúdú àti funfun lọ ni yóò rọ ẹ̀rọ náà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí, nítorí ẹ̀rọ tí a ṣe fún àwọ̀ kì í fi tàdáwà dúdú nìkan tẹ àwọ̀ eérú. Pípo ni ó máa ń po búlúù, pupa àti yẹ́lò pọ̀ títí ojú yóò fi gbà pé eérú ni. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò ṣòro í tàn jẹ: àwòrán tí ó dúdú minimini lábẹ́ iná yàrá lálẹ́ lè pọ́n tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé nígbà tí a bá gbé e síta lówùúrọ̀, tí iyì bàbá àgbà tí ó jókòó nínú rẹ̀ yóò sì yẹ̀.

Èyí ni ó mú kí Jon Cone, àgbà atẹ̀wòrán ní ìpínlẹ̀ Vermont ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé tàdáwà Piezography jáde ní 2000: tàdáwà kábọ́nù, ọmọ ìyá èédú àti èéfín orí àjà, tí a ṣe ní ìpele-ìpele, láti orí adúmáadán tí ó ki jù dé orí èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí omi, tí a sì ń kó gbogbo wọn sí ààyè tí búlúù àti pupa ń gbé tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ Epson. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tún lè tẹ fọ́tò aláwọ̀ mọ́. Mẹ́rin ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n di méje lẹ́yìn náà. Epson fúnra wọn kò káwọ́ gbera: ní 2005 wọ́n fi oríṣi dúdú mẹ́ta sínú tàdáwà K3 wọn, wọ́n sì la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún fọ́tò dúdú-òun-funfun. Lójú tèmi, ẹni tí kì í tẹ̀ ju ìwọ̀nba fọ́tò lọ lọ́dún kò nídìí láti kọjá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tẹ fọ́tò tí àtọmọdọ́mọ yóò jogún ní láti mọ̀ pé tàdáwà ju tàdáwà lọ. Ọ̀kan ń yòrò nínú omi gẹ́gẹ́ bí aró ti í yòrò nínú ìkòkò aláró. Ó dán lójú, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ a máa tètè mú un ṣá. Èkejì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí kì í yòrò, tí ó ń jókòó sára bébà, kábọ́nù sì ni olórí wọn: tàdáwà èéfín ni wọ́n fi tẹ ìwé ẹ̀sìn Búdà tí à ń pè ní Diamond Sutra ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 868, ó sì ṣeé kà dòní ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Kábọ́nù nìkan kì í dúdú délẹ̀, ó ń pọ́n díẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn púpọ̀ lára àwòrán àwọn àgbà, àmọ́ tí àwọn mìíràn ń fi ìwọ̀nba búlúù pa rẹ́.

Nínú pípààrọ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Tàdáwà àtijọ́ kò ní ṣàì ṣẹ́kù sínú rọ́bà tí ó ń gbà kọjá àti orí ẹ̀rọ. Bí ti tuntun bá bá a níbẹ̀, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: àwọn méjèèjì lè dì pọ̀, kí wọ́n sì dí ihò tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí orí ẹ̀rọ olówó gọbọi yóò sì bá a lọ. Omi ìfọ-ẹ̀rọ ni a ń kọ́kọ́ fà kọjá, títí ohun tí ń jáde yóò fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn èyí, ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé tẹ́lẹ̀ ti di asán, nítorí tàdáwà àná ni a fi ṣe é. A ó tẹ ìlà eérú onípele 21 láti funfun dé dúdú, a ó jẹ́ kí ó gbẹ délẹ̀, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, a ó fi irinṣẹ́ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ wọn ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ ìlànà mìíràn fún kọ̀ǹpútà. Ètò QuadTone RIP tí Roy Harrington ṣe ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí a bá pààrọ̀ bébà pàápàá, a ó tún un wọ̀n.

Kí a tó fọ tàdáwà àtijọ́ dànù, kí a ti fi tẹ fọ́tò kan pamọ́. Kí a fi ti tuntun tẹ fọ́tò yẹn kan náà, kí a kọ ọjọ́ sẹ́yìn méjèèjì, kí a fi páálí bo ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ibi tí oòrùn ń dé fún oṣù díẹ̀. Bí ìdajì tí oòrùn rí lára èyíkéyìí bá yàtọ̀ sí èyí tí páálí bò, kí a má fi tàdáwà náà tẹ iṣẹ́ oníbàárà kankan.