Máṣìnì Bàbá Ìbejì Tí A Tún Ṣe Lẹ́yìnkùlé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ẹlòmíràn lè wí pé kí ni ó kan obìnrin nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ máṣìnì ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní alùpùpù, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ ilé bá ń ti orí táyà méjì wá, ó kan ìyá ilé, ó sì kan ọmọ tí ń dúró de owó ilé-ìwé.

Orúkọ yìí, ọ̀kadà, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni ó ti wá. Olóyè Gabriel Igbinedion, ọmọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè é. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i bí máṣìnì ti ń sá láàrin ọkọ̀ tí ó há sójú ọ̀nà, wọ́n ní kí ni ó tún yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí ń fò! Ọkọ̀ òfuurufú náà kò fò mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé a kò lè ṣe láìsí máṣìnì. Láti Òkè-Sópẹ́n dé Òjòwò àti Àtíkòrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun ni ó ń gbé ọlọ́jà lọ gbé e bọ̀. Òun ni ó ń wọ oko kòkó níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ní Àgọ́-Ìwòyè, láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1982, èyí tí à ń pè ní Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gùn ún lọ sí kíláàsì. Bí o bá sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà omi, sí Abìgì, Ìbíadé àti Ìwópin, òun náà ni ìwọ yóò bá nínú iyanrìn.

Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, ti ń fi máṣìnì Bajaj kan ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún tí ó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Èéfín dúdú kọ́, aláwọ̀ búlúù ni. Ẹ́ńjìnì ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Kò lè gun òkè mọ́ bí ó bá gbé ènìyàn méjì. Owó tí ń wọlé lálẹ́ ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó bẹntiróòlù ń pọ̀. Ẹ rántí pé ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, jálá tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, máṣìnì tí ó bá ń jẹ epo láìnídìí, olè ni ó wà nínú ilé.

Àwọn kan gba Bàbá Ìbejì nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ gba tuntun, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, èlé tí ó wà lórí rẹ̀ dẹ́rù bà mí. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èlé wọ ilé wa. Àjọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a tún èyí tí a ní ṣe.” Wọ́n dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí pé, “Ìyá Ìbejì, ó dára. Ṣùgbọ́n ilé ni a ó ti ṣe é, kí n lè rí ohun tí wọ́n ń fi sí i.”

Àbúrò wọn, tí mo ń pè ní ọkọ mi kékeré, kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó sì mú àwòrán kan jáde nínú fóònù rẹ̀. Máṣìnì àwọn ará Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n ń pè ní ṣọ́pà. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gùn síta, ọwọ́ rẹ̀ ga bí ìwo màlúù, sáléńsà rẹ̀ sì ń dán. Ó ní, “Bọ̀dá mi, báyìí ni a ó ṣe é. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ni yóò yọjú!”

Mo bi í léèrè ìtàn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń gé ohun tí kò wúlò kúrò lára máṣìnì Harley-Davidson wọn kí ó lè fúyẹ́. Láti inú gígé yẹn ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Èyí tí ó lókìkí jùlọ ni èyí tí ó wà nínú fíìmù Easy Rider, ní ọdún 1969. Àwọn aláwọ̀ dúdú méjì, Ben Hardy àti Cliff Vaughs, ni ó ṣe iṣẹ́ náà ní Los Angeles, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn ènìyàn tó máa dá orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí, n kò tan yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀nà wọn tẹ́jú, ó sì fẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú máṣìnì bá gùn síta, kò ní lè yí kíá. Ta ni yóò máa fi ìyẹn yẹ kòtò láàrin Ìjẹ̀bú-Igbó àti Orù, tí ọkọ̀ gẹdú tún ń bọ̀ níwájú? Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọ̀nà wa ni yóò sọ bí a ó ti ṣe é.” Ibi tí a fi àdéhùn sí nìyẹn.

Kí ó tó tú ẹ́ńjìnì, ọkọ mi kékeré kọ́kọ́ dán an wò. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, ó dá pọ́lọ́ọ̀gì padà, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ kíkì. Kíkì tí ó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ wá le. Ó ní, “Ìyàwó wa, ríìngì ni ó jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé fáàfù nìkan ni, ọ́ìlì tí mo kán sí i kì bá tí yí i padà.”

Iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo kó agolo mílíìkì òfìfo jáde. Nǹkan tí a bá yọ níbì kan, inú agolo kan ni mo kó nọ́ọ̀tì rẹ̀ sí, mo sì kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Mo tún ń kọ ohun gbogbo tí a rà sínú ìwé ọmọ. Nígbà tí ó kan fífọ irin, ọkọ mi kékeré gbé bẹntiróòlù wá, mo sì kọ̀. Òórùn bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń fà bí ejò títí yóò fi kan ibi tí iná wà. Kẹrosíìnì ni a lò, ní ìta gbangba, tí àwọn ìbejì sì wà lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà.

A gbé sílíńdà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fẹ̀ ẹ́ ní ìdámẹ́rin mìlímítà kan, a sì ra píṣítìnì àti ríìngì tí ó tóbi bákan náà. Ọkọ mi kékeré fi péésìtì lọ fáàfù títí ojú rẹ̀ fi dán yíká, ó da kẹrosíìnì lé e, a sì jókòó tì í. Kò jò. Kábúrétọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó fi fọn ihò rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá fi wáyà gún un ti fẹ̀ ẹ́ nìyẹn, epo ni yóò sì máa jẹ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó kánjú kí ó lè parí kí ó tó lọ kírun. Ó fi ṣéènì inú ẹ́ńjìnì kọ́ eyín kan sí apá kejì àmì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ kíkì, máṣìnì húkọ́, ó sì ta ẹsẹ̀ Bàbá Ìbejì padà. A tún un tú. Ọpẹ́ ni pé fáàfù kò tẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ìkánjú yẹn gbà lọ́wọ́ wa.

Owó wá kù díẹ̀. Bàbá Ìbejì fẹ́ kí a fi kùn ún ní ọ̀dà pupa, kí a sì pààrọ̀ àga rẹ̀. Èmi wo bíréèkì ẹ̀yìn, ó ti jẹ dé irin. Ti iwájú, wọ́n ti tú okùn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ní bíréèkì iwájú a máa gbé ènìyàn ṣubú. Ọkọ mi kékeré ní, “Bọ̀dá mi, bí máṣìnì bá fẹ́ dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù ń wọ́ sí. Iwájú ni agbára ìdúró wà. Ẹ máa rọra fún un pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn ni.” Ọ̀rọ̀ náà le láàrin wa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní àjọ mi ni, èmi kò sì ní fi ra ọ̀dà. Bàbá Ìbejì bínú sùn.

Ní òwúrọ̀, wọ́n fúnra wọn lọ ra bíréèkì méjèèjì, táyà ẹ̀yìn, àti ṣéènì pẹ̀lú eyín rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé eyín àtijọ́ a máa tètè ba ṣéènì tuntun jẹ́. Wẹ́dà fún irin ìkẹ́rù ẹ̀yìn lágbára, a sì fi ṣọ́ọ̀kì tí ó le sí i. Èyí ni ṣọ́pà tiwa.

Wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gùn ún fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́, láìgbé ẹrù wúwo, lẹ́yìn náà ni wọ́n da ọ́ìlì nù, wọ́n sì rọ tuntun. Èéfín búlúù náà kò padà mọ́.

Ní oṣù kejì, òjò ń rọ̀ ní ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, ọkọ̀ gẹdú kan dúró lójijì níwájú wọn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sì wà lẹ́yìn wọn. Bíréèkì méjèèjì dì í mú. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n bu omi wá. Ìgbà tí wọ́n mu ún tán ni wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Ẹ̀yin obìnrin, iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Soichiro Honda ará Jàpáànù ń so ẹ́ńjìnì kékeré tí àwọn ológun lò kù mọ́ kẹ̀kẹ́ ní ọdún 1946, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ Sachi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gùn ún wò. Ẹ bi ọkọ yín àti ọmọ yín léèrè bíréèkì, ẹ wo táyà, ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n jáde láìdé akoto. Ẹ ó rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé akoto, tí àwọn kan gbé igbá àti ike ọ̀dà borí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n igbá kò lè gba orí là.

Máṣìnì Bàbá Ìbejì kò tíì ní ọ̀dà tuntun títí di òní. Ó ṣì rí gbọ́rọ́gbọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìkóríta, mo mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí gbogbo máṣìnì yòókù, èmi a sì dìde lọ gbé ọbẹ̀ kaná.