Láti Orí Pánẹ́ẹ̀lì Rédíò Dé Orí Okùn Fáíbà

Fáíbà ni okùn dígí tín-ín-rín tí ọ̀pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀, àwòrán àti owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba inú rẹ̀ kọjá lónìí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rìn nínú rẹ̀, kì í ṣe iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì ló wà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì: ti ìhín ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀, ti ọ̀hún ń sọ ìmọ́lẹ̀ padà di iná. Ọmọ ìyá ni iṣẹ́ fáíbà àti iṣẹ́ ẹlẹ́kítíróníìkì. Ẹni tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ fáíbà tó múná dóko, ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́kítíróníìkì ló yẹ kó gbà wọlé.

Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni iná kékeré tí ń tàn pupa lára ṣájà tàbí rédíò, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní LED. Ẹni tó bá so ó mọ́ bátìrì fólítì 9 láìfi nǹkan kan sáàárín yóò rí i pé ó tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Bíi fólítì 2 péré ni LED pupa ń fẹ́; fólítì 7 tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ ríbi lọ, rẹsísítọ̀ ló sì ń gbà á. Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1827 ló ń sọ bí rẹsísítọ̀ náà yóò ti tóbi tó: kí wọ́n fi iye iná tí wọ́n fẹ́ kó ṣàn pín fólítì tó ṣẹ́kù. Bí iná náà bá jẹ́ 0.02 áńpíà, ìdáhùn rẹ̀ ni óòmù 350. 350 kì í sábà sí lórí àtẹ. 330 àti 390 ló wọ́pọ̀, 390 sì ni ẹni tó fẹ́ kí LED rẹ̀ pẹ́ láyé yóò mú. Olùbẹ̀rẹ̀ tó bá lè ṣe ìṣirò yìí láìwo ìwé, tó sì fi mítà wọ̀n ọ́n láti mọ̀ pé òótọ́ ni, ti ní ìpìlẹ̀. Ẹbí LED yìí náà ni léésà tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà.

Lẹ́yìn ìṣirò, ó ku ọwọ́. Pánẹ́ẹ̀lì rédíò tó ti bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì. Lẹ́ẹ̀dì ìdá 37 tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ tánńganran ìdá 63 máa ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 183 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ọmọ iṣẹ́ yọ́ lẹ́ẹ̀dì sórí irin gbígbóná, kó wá máa kán an sílẹ̀ bí àbẹ́là. Ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ àti bàbà ara pánẹ́ẹ̀lì ló yẹ kí irin náà kọ́kọ́ mú gbóná. Lẹ́ẹ̀dì yóò sì ṣàn lọ bá wọn fúnra rẹ̀. Oríkèé tó dára máa ń dán, ó sì máa ń tẹ́ rọra yí ẹsẹ̀ náà ká. Èyí tó bá rí roboto, tí kò dán, yóò tú lọ́jọ́ kan.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́kítíróníìkì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, bí ó ti rí ní òpópónà Ọ̀tìgbá ní Ìkẹjà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village, títí wọn yóò fi ṣe fíríìdọ̀mù. Àwọn mìíràn ń lọ sí pólì: Yabatech, tó ti wà láti ọdún 1947, tàbí Pólì Ìbàdàn, níbi tí ọdún méjì ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí National Diploma (ND). Ọmọ Ọ̀tìgbá sábà máa ń mọ iṣẹ́ ju ìṣirò lọ, ọmọ pólì sì máa ń mọ ìṣirò ju iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá lè pa méjèèjì pọ̀, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá nígbà ìsinmi, ló ń tètè gòkè.

Ọ̀rọ̀ fáíbà fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọdún 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ìdọ̀tí inú dígí ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, kì í ṣe dígí gan-an. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe dígí tó mọ́ tó bí wọ́n ti ń fẹ́. Kao gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009.

Ìmọ́tótó yẹn ni iṣẹ́ náà dúró lé títí dòní. Bí wọ́n bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 8, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni ìbú fáíbà tí wọ́n bá bó aṣọ ara rẹ̀ kúrò. Àárín gbùngbùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí ọ̀nà jíjìn kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. Eruku tí ojú kò rí tó láti dí i. Ní àsìkò ọyẹ́, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í tú kébù síta gbangba. Inú ọkọ̀ tàbí abẹ́ àgọ́ ló ń wọ̀.

Rírán fáíbà pọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sípíláìsì, ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Kí oníṣẹ́ tó bó ohunkóhun, yóò ti kọ́kọ́ ki fáíbà kan bọ inú ọ̀pá rọ́bà kékeré tí yóò dáàbò bo oríkèé náà. Olùbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbàgbé èyí, yóò sì ní láti gé e, kó tún un ṣe látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bó aṣọ ara fáíbà, tí yóò fi ọtí ìfọǹkan nù ún títí yóò fi máa dún fín-ín-fín-ín lábẹ́ ìka. Kílífà ló kàn, irinṣẹ́ kékeré tó ń họ ara dígí náà bín-ín-tín, kó tó ṣẹ́ ẹ kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú bí omi àwo. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́. Ẹ̀rọ sípíláísà yóò mú orí méjèèjì dojú kọra, àwòrán wọn yóò hàn gàdàgbà lójú ẹ̀rọ, iná yóò bù yẹ̀rì, dígí méjèèjì á sì yọ́ di ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà yóò wá kọ iye ìmọ́lẹ̀ tó rò pé yóò sọnù níbẹ̀: dẹ́síbẹ́lì (dB) 0.02 dára púpọ̀. Bó bá ti ń kọjá 0.1, kí oníṣẹ́ gé e, kó tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ 12 ni wọ́n fi ń dá okùn mọ̀ nínú kébù, láti orí búlúù, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ewé lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé yẹ kó mọ̀ kó tó náwó sí iṣẹ́ yìí.

Iṣẹ́ wà. Kébù abẹ́ òkun bíi MainOne, Glo-1 àti Equiano, tí Google gbé gúnlẹ̀ ní ọdún 2022, ti dé èbúté Èkó. Nígbà tí kébù mẹ́rin gé lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn báǹkì Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde ètò láti tẹ́ fáíbà kìlómítà 90,000 sí i. Katakátá tí ń la ọ̀nà sì ń gé kébù inú ilẹ̀ lemọ́lemọ́. Àmọ́ sípíláísà kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé lé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Wíwa kòtò, fífa kébù àti fífi íntánẹ́ẹ̀tì sínú ilé oníbàárà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kó kà á sí ìyà, nítorí ibẹ̀ ló ti ń mọ bí kébù ṣe lè tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Sípíláísà wọ́n, ti ilé iṣẹ́ ló yẹ kó fi kọ́ṣẹ́ kó tó ra tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n mọ̀ kárí ayé lè ṣe ìdánwò CFOT ti Fiber Optic Association.

Ohun méjì ló ń ṣe oníṣẹ́ fáíbà léṣe. Èkíní ni ẹ̀ẹ́rún dígí tó ń wọ ara bí ẹ̀gún tí ojú kò rí. Inú ike tó ní ìdérí ni kí wọ́n máa kó o sí, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹun nídìí iṣẹ́. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀ léésà, tí ojú ènìyàn kò lè rí, tó sì lè ba ojú jẹ́. Kí olùbẹ̀rẹ̀ má ṣe yọjú wo ẹnu fáíbà láé láti mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mítà ni kó fi wọ̀n ọ́n.