Kátárátì: Kí ni awò ojú tuntun lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Lọ́dún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé orílẹ̀-èdè Niger ti rẹ́yìn àrùn tí kòkòrò etí odò fi ń fọ́ni lójú. Ṣùgbọ́n kátárátì, tó ń bo awò inú ojú bí ìkùukùu, kò gbóògùn: iṣẹ́ abẹ nìkan ló ń wò ó, ní Niamey àti níbi gbogbo.

Dókítà yóò yọ awò tó bàjẹ́, yóò fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ sábà máa ń ríran kedere lókèèrè nìkan. Irú tuntun, EDOF, tún ń rí ibi tí ọwọ́ lè nà dé, bí ọjà orí àtẹ. Síbẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ṣì lè gba gíláàsì, iná ọkọ̀ sì lè máa fọ́n ká lójú àwọn kan lálẹ́.

Awò yìí kò rọrùn láti pààrọ̀. Nítorí náà, kí aláìsàn kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń fojú ṣe fún dókítà: ọkọ̀ wíwà ni, àbí aṣọ rírán?