Tọ́ọ̀ṣì gáàsì: ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ kó tó náwó lé e

Láti Lẹ́kì títí dé Ajah, afẹ́fẹ́ òkun ló ń pèsè iṣẹ́ fún àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ náà máa ń jẹ irin àti páìpù ẹ̀rọ tó wà níta, gáàsì inú rẹ̀ á jò dànù, onílé á sì pe oníṣẹ́. Irinṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fi dí ibi tó jò ni tọ́ọ̀ṣì gáàsì. Kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì là ń wí o, èyí tí wọ́n ń dé mọ́ orí agolo gáàsì, tí iná búlúù ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni. Àwọn púlọ́ńbà náà ń lò ó, àwọn tó ń lẹ òrùlé kọnkéré kí òjò má baà wọlé ń lò ó, àwọn kan sì ti ń fi sun irun ewúrẹ́ dípò táyà.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọṣẹ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí bí iná bá sọ nílé oníbàárà, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀.

Gáàsì tí tọ́ọ̀ṣì náà ń lò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Butane ló wà nínú èyí tó kéré, tí àwọn alásè fi ń mú ojú ṣúgà pọ́n. Ilé ìdáná ló dára fún. Propane lágbára jù ú lọ. Ẹ má sọ pé kò sí òtútù l'Ékòó, torí agolo fúnra rẹ̀ máa ń tutù bí gáàsì ṣe ń jáde, iná butane á sì máa rẹ̀ sílẹ̀ lójú iṣẹ́. Propane kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń hó ní ìwọ̀n 42 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Agolo yẹ́lò tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní MAPP tún gbóná ju propane lọ, àmọ́ ọdún 2008 ni wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe MAPP gidi ní Amẹ́ríkà. Propylene ló pọ̀ jù nínú èyí tó wà lọ́jà báyìí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ gbowó lọ́wọ́ yín.

Páìpù kọ́pà kì í yọ́ títí ooru á fi dé 1,085, rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ sì máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 650 sí 800. Propane tó fún páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ti fìríìjì àti amúlétutù inú yàrá. Páìpù ńláńlá ti báńkì àti ilé ìtajà ló ń fẹ́ ọ́síjìn àti asẹ́tílìn. Ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi owó ńlá ra ọ́síjìn ṣe?

Ibi tí owó ti ń pa ọ̀pọ̀ ni àtúnrọ. Agolo kékeré tí wọ́n ṣe fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn kan ń rọ gáàsì ìdáná sí. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sábà padé dáadáa mọ́, bí wọ́n bá sì rọ ọ́ kún dẹ́nu, kò sí àyè fún gáàsì láti fẹ̀ nígbà tí oòrùn bá bá a nínú búùtù mọ́tò láàárín gosíló Ajah. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gbé irú agolo àtúnrọ bẹ́ẹ̀ kiri fún òwò lè san ìtanràn tó dé 500,000 dọ́là, kó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Agolo tó ti dípẹtà, ẹ má rà á. Èyí tí tọ́ọ̀ṣì kò bá wọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fi ipá yí i, torí ẹnu agolo Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù kì í ṣe ọ̀kan náà.

Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá lọ títí yóò fi pàdé iná. Gáàsì tó jò níbi tí wọ́n ti ń tà á ní Barúwà, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2020, gbẹ̀mí èèyàn, ó sì jó ilé. Torí náà, ìhó ọṣẹ ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò, ẹ má fi ìṣáná wá a.

Ẹ kọ́ ọmọṣẹ́ láti ka ohun tó wà lára fìríìjì kó tó dáná. Bó bá rí R600a tàbí R290, gáàsì tó ń gbiná ni. R290 gan-an, propane ni. Ìta gbangba ni kó ti tú u dànù, kó sì fi ọ̀bẹ páìpù gé e, kó má fi iná tú u. Ti R22 àtijọ́ kì í gbiná, àmọ́ májèlé ni èéfín rẹ̀ bí iná bá kàn án, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Kí agolo wà lóòró bí wọ́n bá ń tanná. Kí wọ́n ká kọ́tìnnì kúrò, kí wọ́n fi páànù dí ara ògiri, kí ohun ìpaná wà nítòsí, kí wọ́n sì dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn iṣẹ́, torí igi inú àjà lè máa jó lábẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà 767 tàbí 112 ni kí wọ́n pè bí ọ̀ràn bá ju agbára wọn lọ. Agolo tó bá sì tán, gáàsì díẹ̀ ṣì lè kù nínú rẹ̀, ẹ má jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.