Pọ́ǹpù Oníná Lára Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì: Ibi Tó Ti Wá àti Ohun Tó Lè Ṣe fún Ilẹ̀ Yewa

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kú sójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló bàjẹ́. Epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ. Ní ilẹ̀ Yewa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Láti 2012 tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, tírélà ti kún ojú ọ̀nà Ìlaròó àti Pápálantọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo jáde láti Ayétòrò kò sinmi. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ tòkunbọ̀, tó ti sin ẹlòmíràn lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Epo tí wọ́n ń mu náà kì í fìgbà gbogbo mọ́. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè mọ́, ará Ìdí-Ìrókò tó fẹ́ ra epo ní láti wá a lọ sí ọ̀nà jíjìn. Epo tó bá sì ti inú kẹ́ẹ̀gì kan bọ́ sínú òmíràn, omi àti ìdọ̀tí kì í wọ́n nínú rẹ̀. Èrò mi ni pé pọ́ǹpù oníná, tí wọ́n gbé sẹ́bàá táńkì tí wọ́n sì so dáadáa, jẹ́ àtúnṣe tó tọ́ sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn bó ṣe dé fi hàn pé èyí tí wọn kò mọ̀ ọ́n so lè burú ju pọ́ǹpù àtijọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí pọ́ǹpù àtijọ́ ń ṣe. Ara ẹ́ńjìnnì ló wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ni òun náà ń fa epo láti inú táńkì, gba inú páìpù gígùn, kó tó gbé e fún pọ́ǹpù ńlá tí ń fi agbára fún epo sí nọ́súlù. Fífà yìí gan-an ni ìṣòro. Bí páìpù tí ń fa epo bá lu, epo lè má jò síta nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Mẹkáníìkì lè fi odindi ọjọ́ kan wá ihò tí kò fi àmì kankan sílẹ̀, kó sì tún pààrọ̀ nọ́súlù tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí pọ́ǹpù bá wà lẹ́bàá táńkì, ṣe ló ń ti epo lọ síwájú: páìpù tó bá lu yóò máa kán sílẹ̀, ojú yóò sì rí i. Fún mi, èyí nìkan tó ìdí. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ fíltà, tàbí tí epo bá tán pátápátá, pọ́ǹpù tó ń dúró de ẹ́ńjìnnì kó yí kí òun tó fa epo yóò jẹ́ kí sítátà àti bátìrì jìyà. Pọ́ǹpù oníná yóò ti fi epo kún páìpù kí sítátà tó yí rárá.

Kì í ṣe àwọn mẹkáníìkì ìgboro ló kọ́kọ́ rò ó. Ní 1994, Ford ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì Power Stroke onílítà 7.3, tí Navistar ṣe, sínú ọkọ̀ F-250 àti F-350. Àárín ìlà sílíńdà méjèèjì, lábẹ́ tọ́bò, ni wọ́n gbé pọ́ǹpù epo sí, káàmù ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí i. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ pọ́ǹpù yìí yóò kọ́kọ́ tú tọ́bò kúrò. Nígbà tí Super Duty ti ọdún 1999 jáde, Ford ti gbé pọ́ǹpù kúrò níbẹ̀, ó sì fi oníná sára ṣásì. Àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ rí i pé olùṣe fúnra rẹ̀ ti pa ibi tí pọ́ǹpù wà tẹ́lẹ̀ tì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n ń fi irin dí ojú ihò rẹ̀, wọ́n ń gbé oníná sára ṣásì, wọ́n sì ń fi fíltà tó ń yọ omi kún un. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò ń ta gbogbo ohun èlò iṣẹ́ náà pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé iná nìkan ni ìwòsàn kò tíì gbọ́ ti Dodge. Láti 1998 dé 2002, ẹ́ńjìnnì Cummins onílítà 5.9 tó wà nínú Dodge Ram ń lo pọ́ǹpù ńlá VP44 tí Bosch ṣe. Epo tó ń gba inú VP44 kọjá ló ń mú un tutù, òun náà ló ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ yọ̀. Pọ́ǹpù kékeré tó ń bọ́ ọ jẹ́ oníná, ṣùgbọ́n ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dè é mọ́, nínú ìgbọ̀n, tó jìnnà sí táńkì, tó ṣì ń fa epo bíi ti àtijọ́. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kò sí géèjì tí yóò sọ fún awakọ̀. Ọkọ̀ ṣì ń rìn, VP44 ń jẹ ara rẹ̀ run. Nígbà tó di 2005, inú táńkì ni wọ́n ti ń gbé pọ́ǹpù Ram sí. Ipò pọ́ǹpù àti géèjì tó ń ṣọ́ ọ ló ń gba ọkọ̀ là.

Àwọn tó kọ pọ́ǹpù oníná ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní pọ́ǹpù àtijọ́ kò nílò bátìrì, pé ẹni tó há sí igbó Ìmẹ̀kọ lè tún un ṣe. Òótọ́ ni. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí pọ́ǹpù ńlá rẹ̀ ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń fọn epo, tí kò sì fa afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kó mú wa ná owó lé e lórí. Wọ́n tún ní iná àti epo kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn. Dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè gbiná bíi bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni pọ́ǹpù tó ń ti epo síta lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dojú dé. Ford fi súìsì tó ń gé iná pọ́ǹpù bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan sínú Super Duty. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìlaròó kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sílẹ̀. Fíúsì àti rìléè náà kò ṣe é fojú fò, nítorí wáyà tí wọ́n kàn so mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà yóò gbóná.

Ibi tó bà mí lẹ́rù jù ni ọjà. Pọ́ǹpù bẹntiróòlù tòkunbọ̀ pọ̀ ju ti dísẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì rọrùn láti ra èyí tó bá wà lọ́wọ́. Dísẹ́ẹ̀lì ki ju bẹntiróòlù lọ, yóò sì mú kí irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ tètè gbóná. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo tún yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn. Ẹ́ńjìnnì Ford yẹn fẹ́ nǹkan bíi psi 50 sí 60. Pọ́ǹpù ńlá oníyíyí tó wà lára àwọn ọkọ̀ kékeré kan kò fẹ́ ju ìwọ̀nba lọ, bí wọ́n bá sì fi agbára yẹn tì í, epo lè ya síìlì rẹ̀ kó sì wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Kí mẹkáníìkì tó tú nǹkan kan, kó kọ́kọ́ so géèjì mọ́ páìpù, kó mọ iye tí ọkọ̀ náà ń lò báyìí àti iye tí olùṣe rẹ̀ ní kó máa lò, kó tó lọ ra pọ́ǹpù.